Dọ́bùsì àwọn ọkùnrin: ìdáhùn mi fún màmá kan ní Iléṣà

Màmá kan láti Iléṣà ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi nípa dọ́bùsì, ìyẹn tẹ́níìsì tí èèyàn méjì máa ń bá èèyàn méjì gbá, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń gbá tẹ́níìsì. Ọwọ́ òsì lọmọ tèmi ń lò, ọ̀tún ni ọ̀rẹ́ ẹ̀. Tí kálukú bá dá gbá síńgùsì, wọ́n máa ń nà wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jọ wọ kọ́ọ̀tù, kò sẹ́ni tó ń rí wọn nà ládùúgbò wa. A jọ máa ń wo dọ́bùsì àwọn ọkùnrin lórí tẹlifíṣọ̀n, mo wá rí àgbàlagbà tó ń gba ife lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, kò yé mi. Kí ni wọ́n ń sọ sétí ara wọn ṣáá? Kí ló dé tí wọn kì í gbá sẹ́ẹ̀tì kẹta pé? Ta ló ń so wọ́n pọ̀? Ṣé kí àwọn ọmọ yìí kúkú pa síńgùsì tì ni? Wọ́n tún ń jà lórí ẹni tó máa dúró lápá òsì."

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti ń retí kẹ́nì kan bi mí nípa dọ́bùsì látọjọ́ yìí, síńgùsì nìkan làwọn èèyàn máa ń bèèrè.

Àgbàlagbà tẹ́ ẹ rí yẹn, á jẹ́ Rohan Bopanna ará Íńdíà ni, torí òun ni ariwo ẹ̀ gba ayé kan ní January 2024 nígbà tóun àti Matthew Ebden ará Ọsirélíà gba ife dọ́bùsì àwọn ọkùnrin ní Australian Open. Ọmọ ọdún 43 ni nígbà náà. Àsìkò yẹn náà ló di nọ́ḿbà wan lágbàáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, kò sì sọ́kùnrin tó dàgbà tó yẹn tó débẹ̀ rí nínú dọ́bùsì. Àwọn kan ń sọ pé oríire ni. Kì í ṣe oríire rárá. Ẹ wo kọ́ọ̀tù fúnra ẹ̀ ná: gígùn ẹ̀ ò yí padà, mítà 23.77 ni, ṣùgbọ́n fífẹ̀ ẹ̀ ní síńgùsì jẹ́ 8.23, ní dọ́bùsì ó di 10.97, torí wọ́n fi ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kún un, mítà 1.37 lọ́tùn-ún, 1.37 lósì. Kọ́ọ̀tù fẹ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ èèyàn méjì ló ń ṣọ́ ọ, èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò tó mítà mẹ́fà. Eré sísá dín kù. Bọ̀ọ̀lù náà kì í pẹ́ kó tó kú, sáàfù (bọ̀ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀), rítọ̀ọ̀nù (èyí tí wọ́n fi dá a padà), fọ́lì (èyí tí wọ́n gbá kó tó balẹ̀) kan tàbí méjì, ó ti parí. Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dàgbà lára eléré ìdárayá, ojú àti ọwọ́ kì í tètè dàgbà, òye inú sì ń pọ̀ sí i ni. Dọ́bùsì ojú, ọwọ́ àti òye ló ń jẹ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí pẹ̀lú mi nìyí o. Nínú dọ́bùsì, ẹni tí bọ̀ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má wo ẹni tó fẹ́ sáàfù, ẹ wo pátínà ẹ̀, ìyẹn ẹnì kejì ẹ̀, tó dúró sẹ́nu nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fẹ́ gba sáàfù yẹn ní wàhálà méjì: bọ̀ọ̀lù tó ń bọ̀, àti ọkùnrin kan tó dúró níwájú tó ń ṣe bíi pé òun fẹ́ lọ sápá kan. Tó bá gbá a tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, nẹ́ẹ̀tì ga níbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 107 ni lẹ́sẹ̀ òpó, bẹ́ẹ̀ láàárín ó jẹ́ 91 péré, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń gbá a dábùú gba àárín kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin ẹnu nẹ́ẹ̀tì ń dúró dè é, á sáré já a gbà, bọ̀ọ̀lù ti kú. Kódà tí kò bá já ohunkóhun gbà, tó kàn mi ara lásán, ẹni tó ń gbà á máa fẹ́ gbá a kó jìnnà sí i, á gbá a jáde. Wọn ò ní kọ póìntì yẹn sórúkọ ẹ̀ níbì kankan, ṣùgbọ́n òun ló ni ín.

Ẹ wá sí kọ́ọ̀tù wa ní Ifẹ̀ níbí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lọ́gbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Àwọn bàbá kan wà níbẹ̀ tí orúnkún ti ń dùn, tí wọ́n de báńdéèjì mọ́ ọn, tí wọn ò lè sáré lé bọ̀ọ̀lù méjì tẹ̀ léra, wọ́n á ko àwọn ọmọ sítúdẹ́ǹtì tí sáàfù wọn le bí nǹkan míì, wọ́n á sì nà wọ́n dáadáa. Bàbá yẹn ò gbá nǹkan kan tó le o. Ó fi bọ̀ọ̀lù sẹ́sẹ̀ ọmọ, ọmọ gbé e sókè, pátínà bàbá sì ti wà níbẹ̀ kó tó gbé e. Tọ́mọ bá sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì jù, lóòbù kan á gba orí ẹ̀ kọjá. Tí bọ̀ọ̀lù bá ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ á máa wo ara wọn, "mo rò pé tìẹ ni", àwọn bàbá ti mọ ti ẹni tó jẹ́ látọdún pípẹ́. Ohun tí Bopanna fi gba ife l'Ọsirélíà ò yàtọ̀ sí èyí, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiẹ̀ yára, sáàfù ẹ̀ sì le.

Ọ̀rọ̀ etí yẹn wá ńkọ́. Nǹkan méjì péré ni wọ́n ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà: ibi tí sáàfù máa lọ (ìta, àárín, tàbí ara onítọ̀hún), àti bóyá ẹni ẹnu nẹ́ẹ̀tì máa sọdá tàbí kó dúró. Àwọn kan kì í sọ ọ́ lẹ́nu, ẹni iwájú á gbé ọwọ́ sẹ́yìn, á fi ìka hàn, kálukú pẹ̀lú àmì tiwọn. Ẹ tún lè rí i tí ẹni iwájú lọ lóṣòó sójú àárín kọ́ọ̀tù gan-an, tó tẹrí ba kí sáàfù má baà gbá a lórí. Ẹni tó ń gbà á ò ní mọ apá tó máa yà sí títí bọ̀ọ̀lù á fi kọjá. Ẹni ẹ̀yìn ti mọ̀, torí òun ló máa lọ di àyè tí ẹni iwájú fi sílẹ̀. Bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan náà ni, ọmọ odó kan ń lọ, ìkejì ń bọ̀, tí ẹnì kan bá ṣì í, ọwọ́ máa fọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń fi bọ̀ọ̀lù bo ẹnu nìyẹn, kí àwọn tòdìkejì má ka ètè wọn. Ìṣẹ́jú àáyá 25 ni òfin fún wọn láàárín póìntì méjì, ó tó láti ṣètò gbogbo ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti mọ ara yín.

Ìdí tí orúkọ ńlá nìkan ò fi tó náà nìyẹn. Ní August 2025, US Open ko àwọn àgbà síńgùsì jọ fún dọ́bùsì tọkùnrin-tobìnrin, wọ́n gbé owó mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún ẹni tó bá gbà á, gbogbo ayé ń wo àwọn tí wọ́n mọ̀. Àwọn wo ló gbà á? Sara Errani àti Andrea Vavassori, ará Ítálì méjì tó jẹ́ pé dọ́bùsì ni iṣẹ́ wọn, wọ́n na Iga Swiatek àti Casper Ruud ní fáínà. Vavassori yẹn náà wà lára àwọn tí Bopanna nà ní fáínà Australian Open, ẹ wo bí ayé dọ́bùsì ṣe kéré tó. Lóòótọ́ kì í ṣe tọkùnrin nìkan, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé àwọn onísíńgùsì ò lè gbá a. Federer àti Wawrinka gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Beijing 2008, Nadal àti Marc López gbà á ní Rio 2016, Kyrgios àti Kokkinakis gba Australian Open 2022, bẹ́ẹ̀ wáìdì káàdì (àyè tí àwọn tó ni ìdíje máa ń fún ẹni tí ipò ẹ̀ ò tó láti wọlé) ni wọ́n fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tí sáàfù ẹ̀ bá le, tí rítọ̀ọ̀nù ẹ̀ bá dáa, tó sì fẹ́ràn ẹnu nẹ́ẹ̀tì, ó lè kọlu ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ kan. Èyí tó ṣòro ni kó máa ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Ta ló ń so wọ́n pọ̀? Kò sẹ́ni tó ń so wọ́n pọ̀ mà, àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù, "ṣé o ní pátínà fún ọ̀sẹ̀ yẹn?", bẹ́ẹ̀ ló rí. Kálukú ló ní ránkíńgì dọ́bùsì tiẹ̀, ìyẹn ipò tó wà lágbàáyé, tí wọ́n bá tú ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbé póìntì ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ wọ ìdíje, wọ́n á ro ránkíńgì àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn tí àròpọ̀ wọn bá kéré jù ló máa kọ́kọ́ wọlé, ẹlòmíì sì lè fi ránkíńgì síńgùsì ẹ̀ wọlé. Ní ìdíje kékeré ti ATP (ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje àwọn ọkùnrin lágbàáyé), tí wọ́n ń pè ní 250, tíìmù 16 ni wọ́n máa ń gbà, ní Grand Slam (ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù lágbàáyé) wọ́n jẹ́ 64. Àwọn tó ni ìdíje náà máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wáìdì káàdì. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni Wimbledon 2012, nígbà tí Jonathan Marray ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti Frederik Nielsen ará Denmark wọlé pẹ̀lú wáìdì káàdì, tí wọ́n gba ife náà lọ, kò sí oníwáìdì káàdì tó ti ṣe irú ẹ̀ rí níbẹ̀ nínú dọ́bùsì àwọn ọkùnrin. Lẹ́yìn ọdún méjì, Vasek Pospisil ará Kánádà àti Jack Sock ará Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ gbá ìdíje àkọ́kọ́ wọn papọ̀ ní Wimbledon yẹn kan náà, wọ́n na Bob àti Mike Bryan, ìbejì ará Amẹ́ríkà, ní fáínà, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún gbáko.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀tì kẹta ò gba àkókò. Láti 2006 ni ATP ti yí i padà: sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn abala eré, méjì lẹ gbá, tó bá di ọ̀kan-ọ̀kan, ẹ ó gbá táì-bùréèkì, ìyẹn géèmù kan ṣoṣo tó ń pinnu ẹni tó borí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 10 tó sì fi méjì ju ẹnì kejì lọ ló ni ín. Tí géèmù bá di díùsì (40-40), kò sí àdífáńtéèjì, ìyẹn pé kẹ́nì kan ní láti fi póìntì méjì borí, póìntì kan ṣoṣo ló kù, àwọn tó ń gbà á ló máa yan ẹni tó máa gbà á nínú wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí eré má pẹ́ jù, kí àwọn onísíńgùsì náà lè gbá a láìrẹ̀ wọ́n. Grand Slam ṣì ń gbá sẹ́ẹ̀tì kẹta pé, ìgbà tí géèmù bá di 6-6 ni táì-bùréèkì ẹni 10 tó wọlé. Wimbledon nìkan ló di ti àtijọ́ mú, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún làwọn ọkùnrin ń gbá níbẹ̀ títí di 2022, ọdún 2023 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Èmi ò fẹ́ràn póìntì kan ṣoṣo yẹn lójú díùsì, oríire ti wọ inú ẹ̀ jù, àmọ́ ó kọ́ àwọn ọmọ láti má bẹ̀rù, torí náà mo máa ń lò ó tá a bá ń ṣe ìdánrawò.

Ó wá kan àwọn ọmọ yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa síńgùsì tì o, màmá, kò tíì tó àsìkò. Ọmọ ọdún 16 ṣì ń kọ́ bó ṣe máa sáfù, bó ṣe máa gba bọ̀ọ̀lù padà, bó ṣe máa dá nìkan jìyà lórí kọ́ọ̀tù, síńgùsì ló ń kọ́ni níyẹn. Owó náà tún wà níbẹ̀. Ìdíje tó kéré jù fún àwọn ọkùnrin lágbàáyé ni ITF, ẹgbẹ́ tẹ́níìsì àgbáyé, ń pè ní M15, owó gbogbo ìdíje náà jẹ́ 15,000 dọ́là, síńgùsì ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, èyí tó bá kù fún dọ́bùsì, tíìmù ni wọ́n ń fún, àwọn méjèèjì á tún pín in. Tẹ́ ẹ bá yọ owó ọkọ̀ òfurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Òṣómàáló, ẹ ò nílò kóòṣì láti bá yín ṣe ìṣirò yẹn.

Ṣùgbọ́n dọ́bùsì tí wọ́n mọ̀ yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó, ilẹ̀kùn gidi ni. Ní ti àwọn júníọ̀ ITF, ránkíńgì wọn jẹ́ èsì síńgùsì mẹ́fà tó dáa jù, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin èsì dọ́bùsì mẹ́fà tó dáa jù, ọmọ tó bá ń gba dọ́bùsì déédéé máa fi gòkè. Lẹ́yìn náà yunifásítì Amẹ́ríkà wà. Tí ilé-ìwé méjì bá pàdé níbẹ̀, dọ́bùsì mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbá, ilé-ìwé tó bá gba méjì ló ni póìntì àkọ́kọ́, kó tó kan síńgùsì mẹ́fà. Àwọn kóòṣì ibẹ̀ máa ń wá ọmọ tó mọ dọ́bùsì, wọ́n sì ń fún wọn ní sikọláṣíìpù. Ọ̀nà yẹn ni Nduka Odizor gbà, ọmọ Èkó, Yunifásítì Houston ló lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n fún Wimbledon 1983, nígbà tó na Guillermo Vilas, ìlú-mọ̀ọ́ká ará Ajẹntínà, tó sì dé ráúǹdì kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ibi tó ga jù tó dé ní síńgùsì ni nọ́ḿbà 52, ní dọ́bùsì ó dé 20. Ọmọ Nàìjíríà wọ ogún àkọ́kọ́ lágbàáyé nínú dọ́bùsì, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ọmọ tó ń gbá tẹ́níìsì lónìí tí kò mọ orúkọ yẹn.

Èyí tó kù ni ìjà apá òsì, ìbéèrè tó sì gbádùn mọ́ mi jù nìyẹn, torí ọwọ́ òsì pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀bùn ni. Bob àti Mike Bryan tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ife 119 ni wọ́n jọ gbà, 16 nínú ẹ̀ jẹ́ Grand Slam, wọ́n tún gba góòlù ní London 2012. Ọwọ́ òsì ni Bob ń lò, ọ̀tún ni Mike. Ó ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: nínú sẹ́ẹ̀tì kan, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e géèmù sí géèmù, ẹ ó rí i pé ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń sáfù láti orí kan náà (ẹ̀gbẹ́ kan náà nẹ́ẹ̀tì) nínú kọ́ọ̀tù títí sẹ́ẹ̀tì á fi parí. Ẹni tó sáfù ní géèmù kìn-ín-ní máa tún sáfù ní karùn-ún, orí kan náà, pátínà ẹ̀ ní kẹta àti keje, orí kejì. Tí wọ́n bá fẹ́ sáfù, ọlọ́wọ́ òsì ń ju bọ̀ọ̀lù sókè sápá kan, ọlọ́wọ́ ọ̀tún sápá kejì. Torí náà, tí òòrùn aago mẹ́rin bá ń ta, orí tí òòrùn ti ń wọ ojú ẹni ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí ọlọ́wọ́ òsì máa sáfù níbẹ̀, kí ẹnì kejì lọ sórí kejì. Àwọn tó lọ́wọ́ kan náà ò rí irú ẹ̀ ṣe, ọ̀kan nínú wọn á máa wo òòrùn títí. Kí àwọn ọmọ yín ti wo ibi tí òòrùn wà kí wọ́n tó yan ẹni tó máa kọ́kọ́ sáfù, tí sẹ́ẹ̀tì bá parí, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti tò ó lọ́tun.

Ní ti ibi tí wọ́n máa dúró gba sáàfù, tí ọmọ yín bá wà lósì tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì wà lọ́tùn-ún, báwọn Bryan ṣe ń ṣe nìyẹn, ọwọ́ tó lágbára tí kálukú fi ń gbá bọ̀ọ̀lù máa wà níta, sáàfù tó bá lọ síta ò ní dà wọ́n láàmú, àmọ́ bákáńdì wọn méjèèjì, ìyẹn apá tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ló máa wà láàárín. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀, àárín á le bí irin, ìta á wá ṣí sílẹ̀. Ohun kan tún wà o: apá òsì ni wọ́n ti ń gba sáàfù nígbà tí ojú àmì bá jẹ́ 30-40 tàbí 40-30, èyí já sí pé ẹni tọ́kàn ẹ̀ bá balẹ̀ jù ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù tàbí tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Òfin ò sì gbà kí wọ́n pààrọ̀ apá láàárín sẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ní kí wọ́n gbá sẹ́ẹ̀tì kan báyìí, kí wọ́n gbá ìkejì lódìkejì, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ti ń nà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú bébà, ẹ máa kọ iye rítọ̀ọ̀nù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá padà lápá kọ̀ọ̀kan, fọ́lì ò kàn yín, rítọ̀ọ̀nù nìkan. Ẹ fi bébà yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá sọ ẹni tó ni apá òsì fún yín.